Ìsọ̀ ṣáájì ogún ìṣẹ́jú ní èbúté Ìpakòdó

Orí ìjà ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakòdó, níbí ní Ìkòròdú, a máa fi fóònù wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì kó bá wọn ṣáájì rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Tí wọ́n bá padà dé, tí fóònù tó wà ní 6% kò sì tíì ju 13% lọ, ariwo dé nìyẹn. Èrò á ní òun ò ní san ju ìdajì owó lọ, Ìyá Ìbejì á ní òun ò tíì rí ẹni tó láyà tí kò ní san án pé. Ẹni tó ń lọ sí Fálómò tàbí Máríínà láàárọ̀ ò ráyè wákàtí méjì. Ọkọ̀ bá ti kún, ó ti ṣí nìyẹn.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ló ń lò nígbà náà, pẹ̀lú ẹ́ksítẹ́ńṣọ̀n tí ṣájà kún bámúbámú. Owó bẹntiróòlù ń jẹ èrè, èéfín rẹ̀ sì ń lé àwọn oníbàárà ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì ránṣẹ́ pe èmi oníṣẹ́ iná.

"Gbọ́, mi ò fẹ́ jẹnẹrétọ̀ mọ́," ó ní. "Ṣé o lè fi sólà ṣe é fún mi, kó sì jẹ́ pé kí ọkọ̀ tó gbéra, fóònù á ti gba iná tó nílàárí?"

"Ó ṣeé ṣe, mà. Ẹ jẹ́ kí n wọn ohun tó wà nílẹ̀ ná."

"Wọ̀n ọ́n. Má jẹ́ kó pẹ́ o, Iléyá ò jìnnà mọ́."

Ohun tó wà nílẹ̀

Mo ní mítà USB kékeré kan tí a máa ń ki bọ àárín ṣájà àti kọ́ọ̀dù. Á máa fi fólítì (V), ìyẹn agbára tó ń ti iná, ámpù (A), ìyẹn iye iná tó ń ṣàn, àti wáàtì (W), ìyẹn àwọn méjèèjì tí a sọ di púpọ̀, hàn lójú kan náà. Mo gbé e ká gbogbo ṣájà orí ẹ́ksítẹ́ńṣọ̀n náà. Ọ̀pọ̀ wọn ò fún fóònù ju 5V àti 1A lọ, ìyẹn 5W, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ "fast" gàdàgbà sára àwọn kan níbẹ̀.

Bátìrì 5000mAh ló wọ́pọ̀ jù nínú fóònù ìsinsìnyí (mAh ni ìwọ̀n ohun tí bátìrì lè gbà, 1,000 rẹ̀ ni Ah kan). Tí a bá sọ ọ́ di agbára, bíi 19Wh ni, ìyẹn wáàtì 19 fún wákàtí kan. USB àtijọ́, 5V àti ìdajì ámpù, kò ju 2.5W lọ, wákàtí mẹ́sàn-án gbáko nìyẹn kí irú bátìrì yìí tó kún. Ìdí rèé tí àwọn ilé iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbùjá. Qualcomm gbé Quick Charge jáde ní 2013, Oppo gbé VOOC tirẹ̀ jáde ní 2014, àwọn tó ń ṣe òfin USB sì ní Power Delivery tiwọn, tí gbogbo ayé ń pè ní PD. Nínú PD, ṣájà á kọ́kọ́ ka ohun tó ní lẹ́rù fún fóònù, 5V, 9V, 15V, 20V, fóònù á wá mú èyí tó bá a lára mu. Láti 2021 ni PD 3.1 ti gbé òkè téńté rẹ̀ dé 240W.

Fóònù ló ń pàṣẹ. Mo tẹnu mọ́ èyí dáadáa fún Ìyá Ìbejì torí ẹnì kan ní Sábọ̀ ti fẹ́ ta ṣájà 120W mẹ́jọ fún un. Tí fóònù ò bá lè gbà ju 18W lọ, kí wọ́n gbé 120W tì í, 18W náà ni yóò gbà. Owó ló máa kọjá, iná ò ní kọjá.

Mo wá fi fóònù ara mi, tó lè gba 33W, ṣe ìwọ̀n. Mo jẹ́ kó lọ sí 12%, mo so ó mọ́ ṣájà tó dáa, mo sì ń kọ iye wáàtì sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Láti 12% títí dé nǹkan bíi 45%, kò kúrò ní àdúgbò 30W. Lẹ́yìn ìyẹn ó sọ̀kalẹ̀ sí 22W. Ní 70%, 15W ló kù. Ní 85%, 8W. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ gbé e dé 55%. Ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tó wákàtí kan.

Ọmọṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ṣé ṣájà yẹn ti rẹ̀ ni?"

Mo ní kó wo ọkọ̀ tó ń kó èrò níwájú wa. Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, èrò ń rọ́ wọlé gìrọ́gìrọ́, oníkálukú ń jókòó síbi tó wù ú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kún, ẹni tó wọlé á máa yọjú, á máa bẹ ẹni ẹlẹ́rù kó sún díẹ̀. Bí lithium, èròjà tó ń gbé iná nínú bátìrì, ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí a bá ń ṣáájì, ion lithium, ìyẹn horo lithium tó ń gbé iná, á kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan bátìrì, á la omi inú rẹ̀ kọjá, á wá ibi jókòó sí láàárín pẹlẹbẹ graphite, irú èédú kan, lódì kejì. Nígbà tí àyè pọ̀, a lè da iná sí i gan-an. Nígbà tí àyè ń tán, a gbọ́dọ̀ rọra.

"Tí a bá tì wọ́n wọlé tipátipá ńkọ́, sà?"

"Àwọn kan á dúró sétí ọkọ̀."

Àwọn tó dúró sétí ọkọ̀ ni lithium tó ti di irin, tó lẹ̀ mọ́ ojú graphite dípò kó wọ inú rẹ̀. Èyí tó bá ti lẹ̀ bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ò ní padà ṣiṣẹ́ mọ́, ìdí sì nìyẹn tí bátìrì fi ń dín kù. Tó bá burú, á hu bí ẹ̀gún, á gún awẹ́ tó pààlà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iná á sì ṣẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń da ámpù kan náà sí i títí fólítì rẹ̀ á fi dé òkè, 4.2V nínú bátìrì àtijọ́, díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ti ìsinsìnyí. Bó bá ti débẹ̀, fólítì á dúró, ámpù á máa dín. Láti 1991 tí Sony ti kọ́kọ́ ta irú bátìrì yìí lọ́jà ni òfin yẹn ti wà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Whittingham, Goodenough àti Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú bátìrì yìí ní 2019, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì yí i dà pé ìdajì àkọ́kọ́ ló ń yára.

Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì. Mo ní kó má ta "kún" fún ẹnikẹ́ni mọ́, kó máa ta ogún ìṣẹ́jú. ₦200 fún ogún ìṣẹ́jú, ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó san òmíràn.

Ó ronú sí i díẹ̀. "Ẹni tí tiẹ̀ bá ti wà ní 80% kó tó gbé e wá ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún un pé kò ní rí nǹkan gidi gbà, mà."

"Èmi ò ní lé oníbàárà o."

Ìyẹn sì di tiẹ̀.

Bátìrì àti páńẹ́lì

Mo yan bátìrì lithium iron phosphate, 25.6V, 100Ah. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.2V ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Ó wúwo ju irú tó wà nínú fóònù lọ fún iye agbára kan náà, àmọ́ kì í tètè gbiná, ó sì lè farada kíkún àti gbígbẹ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Fún ohun tó máa jókòó sábẹ́ tábìlì ní ìsọ̀ onípákó, mi ò wo òmíràn.

Apapọ̀ agbára rẹ̀ jẹ́ 2,560Wh. Tí a bá lo 80% nínú rẹ̀, bíi 2,050Wh nìyẹn. Fóònù kan fún ogún ìṣẹ́jú ń jẹ bíi 11Wh nígbà tí a bá ka àdánù mọ́ ọn. Ó lè sin bíi 180 oníbàárà láìrí oòrùn rárá. Tó bá jẹ́ pé láti òdo dé òkè là ń kún un fún wọn, tí fóònù kan á jẹ bíi 25Wh, kò ní ju 80 lọ.

Kí ló dé tí mi ò lo 12V, tí gbogbo ọjà kún fún? Ìdí méjì. Àkọ́kọ́, PD lè béèrè 20V. Láti orí 12V, módù, ìyẹn bọ́ọ̀dù kékeré tó ń sọ iná bátìrì di èyí tí fóònù béèrè, á ní láti gbé fólítì sókè fún un. Láti orí 24V, orúkọ tí a ń pe irú bátìrì 25.6V yìí, kó kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni, èyí tó rọrùn, tí kì í sì fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Ìkejì ni wáyà. Tí gbogbo ihò fóònù mẹ́jọ tí mo fẹ́ ṣe bá ń gba 45W lẹ́ẹ̀kan náà, 360W nìyẹn. Lórí 12V, 30A ló máa gba inú wáyà kọjá; lórí 24V, 15A péré. Ooru inú wáyà ò sì ń bá ámpù rìn ní dọ́gbadọ́gba: tí ámpù bá já sí ìdajì, ooru á já sí ìdá mẹ́rin. Ìdí kan náà ni Porsche fi gbé mọ́tò Taycan sórí 800V ní 2019 nígbà tí ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná ṣì wà ní 400V. Ìsọ̀ Ìyá Ìbejì àti Taycan, òfin kan náà ló dè wọ́n.

Páńẹ́lì méjì, 450W ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló wà lórí páànù. Mo so wọ́n pọ̀ kí fólítì wọn má bàa gòkè, àwọn méjèèjì sì wọ inú kọ́ńtírólà MPPT 40A, ẹ̀rọ tó ń darí iná páńẹ́lì sínú bátìrì. Tí oòrùn bá mú ganrínganrín, ó ń ti bíi 34A sínú bátìrì, ìyẹn ni pé ní wákàtí kan, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta bátìrì náà ló ń kún. Kò ní in lára rárá. Mo dín fólítì ìkún rẹ̀ sí 28.4V dípò 29.2V, torí àwọn módù tí mo fẹ́ lò ò gbà ju 30V lọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa gbé létí ọ̀gbun.

Àpótí

Káfíńtà wa ṣe àpótí pákó kan tó ní àyè mẹ́jọ, tí fóònù á máa dúró nínú rẹ̀ lóròó, pẹ̀lú nọ́ńbà lójú àyè kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìbejì ló ní kí a fi nọ́ńbà sí i. Ó ní àwọn kan ti ń gbé fóònù ẹlòmíràn lọ, pé Tecno dúdú jọra wọn.

Lẹ́yìn àyè kọ̀ọ̀kan ni mo de módù SW3518 kan mọ́. Bọ́ọ̀dù tín-ín-rín kan ni, kò tó ìka méjì ní fífẹ̀, ó ní ihò Type-C kan àti ihò USB àtijọ́ kan, ó gbọ́ PD, ó gbọ́ Quick Charge àti àwọn èdè ṣájà mìíràn. Ọ̀tìgbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, ni mo ti rà wọ́n. Ohun kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀: tí a bá ki nǹkan bọ ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, módù á já bọ́ sí 5V fún àwọn méjèèjì, gbogbo ìyára á sì pòórá. Mo fi gúlúù dí ihò USB àtijọ́ ní gbogbo wọn. Ọmọṣẹ́ mi bínú sí i, ó ní ihò mẹ́jọ la fi ṣòfò. Ihò mẹ́jọ tó yára sàn fún mi ju mẹ́rìndínlógún tó ń wọ́.

Àwọn módù náà jókòó sórí pálá aluminium kan, pẹ̀lú ọ̀rá ìgbóná lábẹ́ wọn. Láti bátìrì, wáyà 6mm² wọ inú fíúsì 30A, ó lọ sórí ọ̀pá bàbà, ibẹ̀ ni wáyà kéékèèké ti pín lọ sí módù kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù ní fíúsì 5A tirẹ̀. Kí fíúsì jẹ́ ti DC o, ìyẹn iná bátìrì tó ń lọ sápá kan ṣoṣo. Iná DC kì í tètè kú lójú ibi tí fíúsì bá ti já. Mo fi fásílíìnì pa gbogbo ojú ìdè, nítorí atẹ́gùn ọ̀sà kì í jẹ́ kí bàbà pẹ́ kó tó di àwọ̀ ewé.

Àwọn èrò máa ń béèrè bóyá a lè jí nǹkan inú fóònù wọn. Wáyà dátà ìsọ̀ yìí ò lọ síbì kankan, orí módù ló ti parí. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan lódì kejì.

Kọ́ọ̀dù

Ibí ni iṣẹ́ wà.

A tan àpótí náà, ó ń tàn yanranyanran. Èrò àkọ́kọ́ gbé fóònù dé, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó fi 9% péré lé e. Èkejì, bákan náà. Ìyá Ìbejì wò mí, kò sọ nǹkan kan, èyí tó burú ju kó sọ̀rọ̀ lọ.

Mo gbé mítà bọ ẹnu módù: 5.1V, 2A. Mo gbé mítà kejì sí òpin kọ́ọ̀dù, lójú fóònù gan-an: 4.26V. Ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fólítì kan lọ tó sọnù lójú ọ̀nà tí kò ju mítà kan lọ. Fóònù rí fólítì tó ń rẹlẹ̀, ó rò pé ṣájà náà ò lágbára, ó sì dín ohun tó ń béèrè kù. Kọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹrù kan ṣoṣo tí Ìyá Ìbejì rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, nípọn, tí wọ́n hun bí okùn bàtà, tí wọ́n kọ 100W sí lára.

Mo fi abẹ gé ọ̀kan. Mo bó aṣọ híhun náà kúrò, rọ́bà funfun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo bó rọ́bà, òwú ni mo bá, òwú gidi, tí wọ́n fi kún inú rẹ̀ kó lè nípọn. Láàárín òwú ni wáyà mẹ́rin ti yọ. Mo fi èékánná họ èyí tó pupa: okùn bàbà méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju irun orí lọ. AWG 28 nìyẹn (AWG ni nọ́ńbà ìtóbi wáyà, bó bá ṣe ga tó ni wáyà ṣe tín-ín-rín tó), tí mítà kan rẹ̀ ní ìdènà bíi 0.21 ohm. Iná á lọ, iná á bọ̀, ó di 0.42. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2A, 0.84V ló sọnù. Ohun tí mítà mi sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ọmọṣẹ́ mi mú okùn kan níbẹ̀, ó fà á, ó já. "Èyí ni wọ́n kọ 100W sí?"

Ẹ wo bí PD ṣe gbọ́n tó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tí fóònù bá béèrè 9V, 2A kan náà ló máa gba inú kọ́ọ̀dù, 0.84V kan náà ló máa sọnù, àmọ́ inú 18W ni àdánù ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe inú 10W. Gbé fólítì sókè, kọ́ọ̀dù burúkú á ṣe é fara dà. Ìṣòro ni pé kọ́ọ̀dù tí a gé yìí ò ní wáyà tí fóònù àti módù fi ń sọ̀rọ̀ PD rárá. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn bí ẹni tí kò gbọ́ èdè kan náà, wọ́n wá dúró sórí 5V tí rẹ́sísítọ̀ kékeré inú orí kọ́ọ̀dù náà ń bá wọn béèrè.

A da gbogbo kọ́ọ̀dù náà nù. A ra Type-C sí Type-C tí wáyà iná rẹ̀ jẹ́ AWG 20 sí 22, ìdajì mítà péré ní gígùn. Kọ́ọ̀dù kúkúrú ń dín ìdènà kù láìná owó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fóònù jìnnà sí àpótí. Èyí tó bá máa kọjá 3A, ìyẹn tó bá máa kọjá 60W, gbọ́dọ̀ ní e-marker, eérún kékeré inú orí kọ́ọ̀dù tó ń sọ fún ṣájà pé òun lè gbé 5A. Láìsí i, PD ò ní kọjá 3A, kódà tí ṣájà bá lágbára tó erin.

Ọjọ́ tí a pààrọ̀ kọ́ọ̀dù náà ni ìjà dópin. Ṣé ẹ rí i, nínú gbogbo owó tí a ná, ohun tó kéré jù ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ooru

Ní ọ̀sán, lábẹ́ páànù, fóònù tó ń gba 30W láàárọ̀ já bọ́ sí 9W. Mo yọ ìbọn ìwọ̀n-ooru sí ẹ̀yìn rẹ̀: 46°C. Fóònù ló dín in kù fúnra rẹ̀, ó ń dáàbò bo bátìrì.

Ooru kì í ṣe ọ̀tá ní gbogbo ìgbà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló sì ń ṣì í mú. Òtútù ló ń mú kí lithium lẹ̀ mọ́ ojú graphite, torí ion ò lè rìn dáadáa nínú omi tútù. Ní Jámánì àti Nọ́wè, mọ́tò oníná á kọ́kọ́ gbé bátìrì rẹ̀ gbóná kó tó dé ibùdó ṣáájì. Tesla ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2019. Ìkòròdú ò nílò irú ẹ̀. Ohun tó ń bá tiwa jà ni kí fóònù gbóná, kó kún, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ìyẹn ló ń jẹ bátìrì láti inú. Ogún ìṣẹ́jú ò ní ṣe é ní nǹkan, kìkì pé á máa falẹ̀.

A gbẹ́ ihò sí ìsàlẹ̀ àti òkè àpótí. Mo fi fáànù kọ̀ǹpútà 12V méjì sí i, mo tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn kí 24V lè bá wọn mu. A fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ páànù òrùlé, pẹ̀lú àyè atẹ́gùn láàárín. Ẹ̀yìn fóònù bọ́ sí 38°C, wáàtì sì padà sípò. A tún ní kí àwọn èrò yọ kéèsì rọ́bà kúrò. Wọn kì í gbà.

Àwọn tí kò gbọ́ PD

Fóònù kan wà tó jẹ́ pé ṣájà àti kọ́ọ̀dù tí wọ́n bí i mọ́ nìkan ló ń dá lóhùn. Ìran VOOC ni púpọ̀ nínú wọn. Dípò kí wọ́n gbé fólítì sókè, wọ́n ń fi ámpù púpọ̀ ránṣẹ́ ní fólítì kékeré, kí ooru ìyípadà lè dúró sínú ṣájà lára ògiri, kó má wọ inú fóònù. Ọgbọ́n gidi ni. Àwọn mìíràn ń so bátìrì méjì nínú fóònù kan. Fóònù realme kan tó jáde ní Ṣáínà ní 2023 ń gba 240W báyìí: 20V àti 12A wọlé, eérún inú rẹ̀ sọ ọ́ di 10V àti 24A fún bátìrì méjì, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi kún. Ní 2024 wọ́n tún fi 320W han aráyé, bátìrì 4420mAh, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mi ò tíì rí èyíkéyìí nínú wọn ní èbúté.

Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, mo fi ínńfátà kékeré 300W kan sí i pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, kí ẹni tó bá gbé ṣájà tirẹ̀ dání lè lò ó. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. DC di AC, irú iná inú ilé, AC tún di DC, ẹ̀yà iná kan ń ṣòfò nígbà kọ̀ọ̀kan, ínńfátà náà sì ń jẹ bíi 10W lásán bí kò bá tilẹ̀ sí ẹni tó ń lò ó. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá fi wà ní títàn, ó ti jẹ owó oníbàárà kan. Mo ní kí Ìyá Ìbejì máa pa á. Ìṣòro yìí á dín kù fúnra rẹ̀: láti òpin 2024 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ Type-C di dandan fún fóònù, èyí tó bá sì ń yára ṣáájì gbọ́dọ̀ gbọ́ PD. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún Yúróòpù kì í pẹ́ dé Ọ̀tìgbà.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò

Ọmọkùnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ Fálómò wá síbi tí mo ti ń de nọ́ọ̀tì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ mọ iná, ṣé òótọ́ ni pé mọ́tò ti ń kún ní ìṣẹ́jú márùn-ún?"

Mo sọ fún un pé kì í ṣe kíkún. BYD, ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Ṣáínà, ló fi hàn ní oṣù kẹta 2025: 1,000V, 1,000A, mẹ́gáwáàtì kan gbáko, ìyẹn mílíọ̀nù kan wáàtì. Wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún á fún mọ́tò ní iná ìrìn 400 kìlómítà. Láti Ìkòròdú, ìyẹn kọjá Ìlọrin dáadáa. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, CATL, ilé iṣẹ́ bátìrì, náà ní tiwọn á ṣe 520 kìlómítà. Kọ́ọ̀dù irú ṣájà bẹ́ẹ̀ ní omi tó ń ṣàn nínú rẹ̀ tó ń tù ú, torí bàbà tó lè gbé iye ámpù yẹn láìgbóná, ẹnì kan ò lè gbé e sókè.

"Nígbà wo ló máa dé ọ̀dọ̀ wa?"

Mo na ọwọ́ sí ìhà Ìjẹ̀dẹ́. Ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbin wà lọ́hùn-ún, ní Ìkòròdú wa níbí, láti 1985. Ẹ̀rọ mẹ́fà, 220 mẹ́gáwáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,320 lápapọ̀ tí gbogbo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ dé góńgó. Mọ́tò 1,320 péré tó bá ki ṣájà bẹ́ẹ̀ bọnú lẹ́ẹ̀kan náà ti gbé gbogbo Ẹ̀gbin mì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà níbi tí wáyà ìjọba ò ti tó ni pé wọ́n á gbé bátìrì ńlá sí ibùdó, á máa gba iná díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, á sì dà á sínú mọ́tò lójijì. Mo ṣí abẹ́ tábìlì Ìyá Ìbejì fún un. Páńẹ́lì ń rọ díẹ̀díẹ̀ sí i, fóònù ń gbà á kíákíá. Irú rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n kàn sọ ọ́ di ńlá.

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù tirẹ̀ lé àyè nọ́ńbà 3.

Ibi tó dé dúró

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni àpótí náà ń kún. Láti agogo mọ́kànlá sí mẹ́ta, nígbà tí oòrùn ń mú jù, èrò ò pọ̀ ní èbúté, bátìrì á ti kún, kọ́ńtírólà á sì máa ti iná páńẹ́lì padà. Iná yẹn ń dùn mí.

Ọlọ́kadà kan tó ń gun ti oníná ló kọ́kọ́ fi ojú sí i. Ó fẹ́ kí a máa ṣáájì fún òun. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 72V, 20Ah, ìyẹn 1,440Wh. Mo ṣírò rẹ̀ fún Ìyá Ìbejì pé tí a bá ka àdánù mọ́ ọn, iná fóònù bíi 140 nìyẹn.

"Ogóje?" Ó ka ìka rẹ̀ díẹ̀. "₦28,000. Kó gbé e wá."

Ọlọ́kadà ní, "Ìyá, ṣé okadà náà ni mo fẹ́ rà ni?"

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè. Ṣájà rẹ̀ jẹ́ 5A, á jẹ bíi 470W. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ló ń gbé e wá, iná tó ń ṣòfò lórí páànù ló máa gbà, kò ní kan ti àwọn èrò rárá, láàárín wákàtí mẹ́rin ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kò yára, àmọ́ ọ̀sán ni òun náà ń sùn sábẹ́ igi. Ínńfátà 300W tó wà níbẹ̀ ò lè gbé e. 1,000W la máa rà, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀ àti wáyà 16mm² láti orí bátìrì.

Ìyá Ìbejì ti gbà. Ó kù kí wọ́n fẹnu kò lórí iye: ọlọ́kadà ti gun dé ₦1,500, Ìyá Ìbejì sì ti sọ̀ kalẹ̀ láti ₦28,000 dé ₦4,000.